Bẹ́ǹṣì Tí Wọ́n Ní Kí Bàbá Mi Jókòó Sí

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ bá mi pa fáànù yẹn, ariwo rẹ̀ pọ̀ ju atẹ́gùn rẹ̀ lọ. Ẹ ní kí n wá bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìdáríjì, pé èmi ni mo dàgbà jù nínú ìjọ yìí tí mo ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wá. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ pè kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìdáríjì. Ẹ̀san ni mo mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge ni mo ti ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú irúgbìn, pé ọjọ́ òjò á dé. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ. Bí ìdáríjì bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá a jáde.

Kì í ṣe Ìsọlọ̀ tí ẹ mọ̀ yìí ni wọ́n bí mi sí. Nígbà yẹn, bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè ní Òṣòdì ní ìdájí, ketekete la máa ń gbọ́ ọ nílé wa níbí, nítorí kò sí ohun tó máa bò ó mọ́lẹ̀. Kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí bàálù tó ń kọjá lórí òrùlé bí ẹni fẹ́ ká páànù lọ. Fèrè yẹn ni aago wa. Bó bá ti dún, ìyá mi á ní, "Ẹ dìde, rélùwéè ti jí yín o." A ó gbé garawa, ó di odò. Oko ni gbogbo ọ̀nà Àìlégùn, oko gbágùúdá àti oko ilá. Bí ẹ bá sọ fún mi nígbà náà pé ilé á kún ibẹ̀ débi pé ẹnìkan á máa gbọ́ ìkọ́ ẹnìkejì láti inú yàrá, màá ní orí yín kò pé.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé ìsìn wa, wọ́n wá fi páànù bò ó. Bí òjò bá dé, ìwàásù á dúró, nítorí kò sí ẹni tó máa gbọ́ ohùn ẹnìkejì. A ó kàn máa wo ara wa, a ó máa rẹ́rìn-ín, títí òjò á fi dá. Agogo wa kì í ṣe agogo gidi. Àlòkù irin rélùwéè ni, tí wọ́n so rọ̀ sára igi máńgòrò. Òòlù ni bàbá mi fi ń lù ú. Bó bá lù ú láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ará Èjìgbò pàápàá á ti máa wọ aṣọ.

Bàbá mi ni kátíkíìsì ìjọ náà. Ẹ̀yin ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àlùfáà máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí ìjọ tó ń bójú tó pọ̀. Kí ó tó dé, kátíkíìsì ló ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, òun ló ń gbàdúrà fún aláìsàn, òun ló ń sìnkú, òun náà ló sì ń gbálẹ̀ ìjọ bí kò bá sí ẹlòmíràn. Àgbẹ̀ ni láàárín ọ̀sẹ̀. Ó máa ń fi èédú kọ lẹ́tà sára ògiri fún àwọn ìyá arúgbó, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn ka Ìwé Mímọ́. Ó máa ń sọ fún wọn pé, "Ọmọ ẹ̀yìn la pe ara wa. Ẹni tó bá fẹ́ wà níwájú, kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni."

Bàbá Súlè, ọmọ onílẹ̀, Mùsùlùmí tọkàntọkàn, ló fún wa ní ilẹ̀ tí a kọ́ ilé ìsìn sí. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Bí ìkórè bá dé, tí àwọn obìnrin bá ti fi màrìwò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ẹnu ọ̀nà lọ́ṣọ̀ọ́, tí iṣu àti àgbàdo bá ti kún iwájú pẹpẹ, Bàbá Súlè á fa obúkọ wá. Á ní, "Ẹni tó fún yín ní ilẹ̀, ṣé kò lè fún yín ní ẹran ni?" Lọ́dún kan, a dijú, a ń gbàdúrà, obúkọ náà já okùn. Rùmù-rùmù la kàn ń gbọ́. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ lajú, torí ẹni tó bá lajú lásìkò àdúrà, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Bàbá mi ló kọ́kọ́ lajú. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká tètè ṣe Àmín, kí obúkọ tó jẹ àgbàdo tán, kó wá kan àlùfáà." A rẹ́rìn-ín débi pé orin ò lè jáde lẹ́nu wa. Bí Iléyá bá dé, àwa náà á lọ jẹ ẹran nílé Bàbá Súlè. Lónìí ẹ ní géètì, ẹ ní sìkiọ́rítì lẹ́nu géètì, ẹ ò sì mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ní ojúlé kejì sí ìjọ.

Bọ̀ọ̀dá Títù dé bá wa nínú ìgbé ayé yẹn.

Láti apá Ògùn ló ti wá, ó ń wá iṣẹ́ rélùwéè, kò rí i. Orí ẹní nínú pálọ̀ wa ló ń sùn sí. Bàbá mi kọ́ ọ ní ìwé kíkà, ó kọ́ ọ ní orin, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lu irin. Nígbà tí otútù ọyẹ́ dé, ìyá mi tú kọ́tìnì àtijọ́ wa, aláwọ̀ ewé olódòdó pupa, ó ní kó máa fi bora. Ohùn rẹ̀ dùn. Bó bá gbàdúrà, àwọn obìnrin á máa sunkún. Èmi gan-an, mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ipò kátíkíìsì ló wọ̀ ọ́ lójú.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí àlùfáà wá ṣe Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún wa, Bọ̀ọ̀dá Títù dìde láàárín ìsìn. Ó ní Ẹ̀mí fi nǹkan han òun lábẹ́ àga ìwàásù. Ilẹ̀ lásán ni nígbà yẹn, kò sí sìmẹ́ǹtì. Wọ́n gbẹ́ ẹ. Ìdì kan jáde: irun, ìyẹ́ ẹyẹlé, irin tó dípẹtà. Aṣọ tí wọ́n fi dì í, àwọ̀ ewé ni, olódòdó pupa.

Obìnrin kan kígbe pé, "Yéè! Kọ́tìnì ilé kátíkíìsì nìyẹn!"

Òótọ́ ni. Gbogbo obìnrin ìjọ ló mọ̀ ọ́n, wọ́n ti rí i lójú fèrèsé wa tipẹ́. Bọ̀ọ̀dá Títù kàn doríkodò bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn, ó ní, "Ẹ má bínú sí Bàbá. Ó jọ pé wọn ò fẹ́ kí ìjọ bọ́ lọ́wọ́ wọn ni."

Ìyá mi pariwo pé Títù lòun fún ní aṣọ náà. Ta ló fẹ́ gbọ́? Wọ́n ní kí ni ìyàwó máa sọ tẹ́lẹ̀? Mo dìde láti sọ̀rọ̀. Bàbá mi wò mí láti iwájú, ó ní, "Jókòó, ọmọ mi." Mo jókòó. Ojú mi ni wọ́n ṣe bọ́ aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ rí aṣọ yẹn?"

"Mo rí i."

"Ẹ mọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dákẹ́?"

Ó ní, "Olúwa náà kò ṣàwíjàre níwájú Pílátù."

Mo ní, "Olúwa jí dìde lọ́jọ́ kẹta! Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà wo lẹ máa dìde?"

Ó gbé ọkọ́, ó gba oko lọ.

Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn tí ìjọ bá dá sẹ́yìn nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó sí. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ búrẹ́dì Olúwa, kò gbọ́dọ̀ gbàdúrà sókè. Ibẹ̀ ni wọ́n ní kí bàbá mi jókòó sí. Wọ́n rò pé ìtìjú á lé e lọ. Kò lọ. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, á wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, á jókòó síbẹ̀, á sì máa gbọ́ ìwàásù láti ẹnu ọmọ tó kọ́ ní á-bí-dí. Nígbà tí ìyá mi sunkún, ó ní, "Ṣebí ọmọ ẹ̀yìn la pe ara wa? Ẹ̀yìn náà nìyí." Ó rẹ́rìn-ín sí i. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Òjò máa ń fẹ́ wọlé láti ẹnu ọ̀nà yẹn, ó máa ń pa á. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ yẹn ló pa á.

Wọ́n ní kò lè wọ ilẹ̀ ìsìnkú ìjọ. Wọ́n ní irin kò lè dún fún un. Bọ̀ọ̀dá Títù, kátíkíìsì tuntun, ló wá jíṣẹ́ náà fún wa, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Bàbá Súlè wà níjòókòó. Ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé báyìí ni Jésù yín kọ́ yín?" Ó dìde, ó ní kí àwọn ọmọ òun lọ gbẹ́lẹ̀ nínú ọgbà òun. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí ló gbé kátíkíìsì sínú ilẹ̀. Ìyá mi nìkan ló kọrin. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ṣájà fóònù ló wà lórí ibẹ̀. Bí mo bá ń kọjá, mo ṣì máa ń kí ilẹ̀ náà pé, "Bàbá, ẹ kú ìsinmi."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Kò sí ẹni tó ní kí n lọ síbẹ̀. Mo fi ojú mi sí ojú Bọ̀ọ̀dá Títù, mi ò mú un kúrò. Bó bá wo ọ̀tún, mò ń wò ó. Bó bá dijú gbàdúrà, tó bá lajú, èmi ni yóò kọ́kọ́ rí. Mo lọ́kọ, mo bímọ, mi ò kúrò lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ilé amọ̀ wó, wọ́n kọ́ ti búlọ́ọ̀kù. Wọ́n lẹ táìsì mọ́ ọn, wọ́n kó àga ọ̀rá wọlé. Mo sọ fún káfíńtà pé ẹni tó bá gbé bẹ́ǹṣì yìí, eyín mi á wà lára rẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀.

Ẹ mọ àwọn Sáàmù tí Dáfídì ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó fọ́ eyín àwọn ọ̀tá rẹ̀? Mo mọ̀ wọ́n lórí bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo ń kà wọ́n sí Bọ̀ọ̀dá Títù láàárọ̀, mò ń kà wọ́n nírọ̀lẹ́. Eyín rẹ̀ kò fọ́. Ńṣe ló ń funfun sí i. Ó kọ́lé sí ọ̀nà Àpákùn, àwọn ọmọ rẹ̀ di ẹni ńlá, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri ìjọ, wọ́n ń pè é ní Bàbá Ìjọ. Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Bí a bá pàdé, màá ní, "Bọ̀ọ̀dá Títù, ẹ kú ìsìn." Ó sì mọ ìdí rẹ̀. Mo bi Ọlọ́run pé, "Ṣé o ò gbọ́ ni?" Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mo ní, ẹsẹ̀ òtítọ́ yìí mà wúwo o.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, mo jó nínú yàrá mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí n sọ òótọ́.

Dúpẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ń fi àga onítáyà tì í wá sí ìsìn. Iwájú ti kún fún máìkì àti wáyà, àga náà kò rí àyè. Àwọn tó ń tọ́jú èrò bá gbé e sẹ́yìn, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì mi. Àwọn ni wọ́n gbé e síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ Ẹni tó rán wọn. Kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà.

A jókòó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tó yá, bí wọ́n ti ń kọrin lọ́wọ́, ó fọwọ́ kàn mí. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ọ̀rọ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Àbúrò. Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Aṣọ yẹn. Èmi ni mo rì í mọ́lẹ̀. Jọ̀ọ́, dárí jì mí kí n tó lọ."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ìgbà ọmọge nìyẹn, etí mi nìkan ló sì sọ ọ́ sí. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Títù, kì í ṣe etí ẹnìkan lẹ sọ irọ́ yẹn sí. Ìjọ lẹ sọ ọ́ fún. Ìjọ náà lẹ máa sọ òótọ́ fún."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ojú ń tì mí."

"Ojú ti bàbá mi náà."

Ó mi orí pé òun gbà. Mo dìde, mo di àga náà mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ síwájú. Orin dáwọ́ dúró. Dúpẹ́ sáré wá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ ṣe fún Dádì?"

Mo ní, "Dádì rẹ fẹ́ jẹ́rìí. Bi í."

Ó bi í. Bàbá náà tún mi orí. Pásítọ̀ wa, ọmọdé ni lójú mi, rò pé ẹ̀rí ìwòsàn ni, ó fi ayọ̀ gbé máìkì sí i lẹ́nu. Bọ̀ọ̀dá Títù sì sọ ọ́. Ó sọ nípa kọ́tìnì, ó sọ nípa ìyẹ́ ẹyẹlé, ó sọ bí òun ṣe gbẹ́ ilẹ̀ nígbà tí bàbá mi wà lóko. Ó ní, "Kátíkíìsì ò mọwọ́mẹsẹ̀. Mo fẹ́ àga wọn ni."

Pásítọ̀ tètè gba máìkì. "Ẹ yin Olúwa! Ìdáríjì ti dé sínú ilé yìí!"

Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ìdáríjì kò tíì dé. Òtítọ́ ló dé. Ẹ jẹ́ kó rí ibi jókòó ná." Mo ní kí gbogbo wọn dìde, kí wọ́n wí i tẹ̀ lé mi pé kátíkíìsì kò jẹ̀bi. Wọ́n dìde. Àwọn tí a kò tíì bí nígbà náà, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, gbogbo wọn wí i. Mo ní kí wọ́n tún un wí.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ẹ̀san korò lẹ́nu ẹni tó bá rí i gbà. Irọ́ ni. Ó dùn. Mo sùn lọ́jọ́ náà bí ọmọ tó mu ọmú yó.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ fọ́tò rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀ kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀, ó ní òun ò lè bá irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ gbé. Erékùṣù ni Dúpẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, inú mi dùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Àpákùn. Mi ò lọ kí i o. Mo fẹ́ fi ojú ara mi wo ẹ̀tẹ́ rẹ̀ ni.

Mo bá a lórí àga. Dúpẹ́ ti gbé ògì sílẹ̀ fún un láàárọ̀. Ó ti gbìyànjú láti mu ún, gbogbo rẹ̀ ti dà sí i láyà, ó ti gbẹ, eṣinṣin ń bà lé e. Ó rí mi. Ó kàn ń wo abọ́ náà.

Ìwé Mímọ́ sọ pé bí ebi bá ń pa ọ̀tá rẹ, kí o bọ́ ọ, torí pé nípa bẹ́ẹ̀ ni wàá kó ẹyín iná lé e lórí. Nínú gbogbo ohun tí bàbá mi kọ́ wa, èyí nìkan ló bá mi lára mu lọ́jọ́ yẹn. Ẹyín iná! Mo ní, iná gan-an ni mo ń wá. Mo wá aṣọ, mo nu àyà rẹ̀. Mo wọ ilé ìdáná, mo po ògì mìíràn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ lọ́sàn-án. Bí mo bá bu ṣíbí kan fún un, màá sọ fún un pé, "Èyí ni ti òjò tó ń pa bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà." Màá bu òmíràn, màá ní, "Èyí ni ti ikọ́." Yóò gbé e mì, omi á máa dà lójú rẹ̀, yóò sì tún la ẹnu. Mo ti sọ ti irin tí kò dún. Mo ti sọ ti ìyá mi tó dá kọrin. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ tán lẹ́nu mi báyìí. Àná, mo bá ara mi tí mò ń sọ ti obúkọ tó fẹ́ jẹ àlùfáà fún un, ó sì rẹ́rìn-ín, nítorí òun náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn láyé mọ́ tó wà níbẹ̀, àfi àwa méjèèjì.

Ló bá bi mí pé, "Àbúrò, ṣé o ti dárí jì mí?"

Èéfín ṣì ń jáde lára ògì náà. Mo bu ṣíbí kan, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi tutù díẹ̀.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Títù, ẹ la ẹnu yín."